William Hulbert, ẹni tí ó sọ iye eré inú sáà di àdéhùn

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré, àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á. Eléré kan a ju bọ́ọ̀lù náà, alátakò rẹ̀ a fi ọ̀pá igi gbá a, a sì sáré yí igun mẹ́rin pápá ká kí àwọn tí ó kù tó mú bọ́ọ̀lù náà dé. Lónìí, ẹgbẹ́ 30 ni ó wà ní ipò tí ó ga jù lọ nínú eré yìí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe eré 162 láàárín ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹsàn-án.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ 162, tí kì í ṣe 100 tàbí 200? Ta ni ó ń pinnu iye náà? Bí a bá fẹ́ mọ ìdáhùn, a ní láti padà sẹ́yìn ní nǹkan bí 150 ọdún, sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní ìlú Chicago. Orúkọ rẹ̀ ni William Hulbert. Kì í ṣe gbígbá bọ́ọ̀lù ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Òun ni ó fi yé àwọn ènìyàn pé ẹgbẹ́ tí ó bá ti gbà láti ṣe iye eré kan gbọ́dọ̀ ṣe é tán.

Ìbí rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1832 ni wọ́n bí Hulbert ní Burlington Flats, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Chicago. Chicago kò tíì di ìlú ńlá nígbà náà. Bí ọmọ náà ti ń dàgbà ni ìlú náà ń dàgbà, ìfẹ́ ìlú yìí kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1847, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Beloit ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Nígbà tí ó padà sílé, ó fẹ́ ọmọ oníṣòwò kan tí ń ta oúnjẹ. Ó wọ inú òwò àwọn àna rẹ̀, ó sì mú un gbòòrò dé orí èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Èédú yìí ni àwọn ará Chicago fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Ó di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò pàtàkì ìlú náà.

Hulbert wà lára àwọn tí ó fi owó sínú ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Chicago. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1871, iná ńlá kan jó Chicago. Pápá eré ẹgbẹ́ náà jóná pẹ̀lú. Odindi ọdún méjì, 1872 àti 1873, ni ẹgbẹ́ náà kò fi lè ṣe eré. Ní ọdún 1874 ni wọ́n tó padà sórí pápá. Ní ọdún 1875, Hulbert di olórí ẹgbẹ́ náà.

Sáà tí kò ní ìdí, tí kò ní òpin

Ní àsìkò náà, àpapọ̀ kan wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ń sanwó fún eléré. Ọdún 1871 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Dọ́là 10 péré ni ẹgbẹ́ kan ń san kí ó tó wọlé. Kò sí ìwé ètò kan ṣoṣo tí ó de gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ń kọ lẹ́tà sí ara wọn láti dá ọjọ́ eré.

Ètò yìí kò dúró. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ bá tán a jókòó sílé. Ẹgbẹ́ tí ó bá rí i pé òun kò lè gba ipò kìn-ín-ní mọ́ a kọ̀ láti rin ìrìn àjò tí ó kù. Ní ọdún 1875, ẹgbẹ́ 13 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Boston borí nínú eré 71. Ẹgbẹ́ ìlú Keokuk ṣe eré 13 péré, ó sì túká. Báwo ni a ṣe lè fi ẹni tí ó ṣe eré 13 wé ẹni tí ó ṣe ju 70 lọ?

Inú Hulbert kò dùn sí ohun mìíràn pẹ̀lú. Eléré kan wà tí ń jẹ́ Davy Force. Ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Chicago, ó tún lọ fọwọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Philadelphia. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ náà dá ẹjọ́ fún Philadelphia. Hulbert gbà pé àwọn ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn ń fi ọwọ́ ọlá gbá àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn lójú.

Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò sùn. Kí sáà 1875 tó parí, ó ti bá mẹ́rin nínú àwọn eléré Boston tí ó dára jù lọ ṣe àdéhùn fún ọdún tí ń bọ̀. Al Spalding, ọ̀gá nínú àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù, wà lára wọn. Ó tún mú Cap Anson láti Philadelphia. Òfin àpapọ̀ kò fàyè gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ nígbà tí sáà kò tíì parí. Nítorí náà, wọ́n lè lé Chicago jáde. Hulbert kò dúró de ìdájọ́ wọn. Ó pinnu láti dá àpapọ̀ tuntun sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1876

Hulbert kọ́kọ́ bá àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn sọ̀rọ̀: St. Louis, Cincinnati àti Louisville. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn ará ìlà-oòrùn sí ìpàdé ní ilé ìtura kan ní New York. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1876 ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá Líìgì Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, èyí tí ó wà títí di òní. Kí ọkàn àwọn ará ìlà-oòrùn lè balẹ̀, Morgan Bulkeley, ará ìlú Hartford, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Òfin líìgì tuntun náà le. Owó ìwọlé ẹgbẹ́ di dọ́là 100. Ìlú tí kò bá ní ènìyàn 75 000 kò lè wọlé. Èyí tí ó kàn wá jù ni pé wọ́n kọ iye eré sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ 8 ni ó wà nínú líìgì náà. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alátakò 7. Ó gbọ́dọ̀ pàdé alátakò kọ̀ọ̀kan nígbà 10: ìgbà 5 nílé, ìgbà 5 lẹ́yìn odi. 7 lọ́nà 10 jẹ́ 70. Eré 70 ni sáà náà.

Èyí kì í ṣe ìṣirò lásán. Ẹgbẹ́ tí ó gba àlejò ni ó ń pa owó púpọ̀, nítorí àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ó ń sanwó wọlé. Ẹgbẹ́ tí ó rin ìrìn àjò ni ó ń sanwó ọkọ̀ ojú irin àti ilé ìtura. Bí èésú ni ọ̀rọ̀ náà rí. Bí ẹnì kan bá kó èésú tirẹ̀ tán, tí ó sì kọ̀ láti dá fún àwọn tí ó kù, èésú náà ti bàjẹ́.

Ìdájọ́ tí ó le

Ní sáà àkọ́kọ́ náà, Chicago ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Wọ́n borí nínú eré 52. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, ẹgbẹ́ New York àti ti Philadelphia rí i pé òfo ni sáà náà já sí fún àwọn. Owó wọn ti ń lọ sí òpin. Wọ́n kọ̀ láti lọ sí ìwọ̀-oòrùn fún àwọn eré tí ó kù, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ti wá sí ìlú tiwọn. Eré 57 ni New York ṣe, Philadelphia sì ṣe 60.

Kí ni kí líìgì ṣe? New York àti Philadelphia ni ìlú méjèèjì tí ó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Owó ìwọlé ibẹ̀ lè pọ̀ ju ti ibikíbi lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn yóò dárí jì wọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 1876, líìgì ṣe ìpàdé, Hulbert sì dúró lórí òfin. Wọ́n lé ẹgbẹ́ méjèèjì jáde. Ní ìpàdé kan náà ni wọ́n fi Hulbert ṣe ààrẹ.

Ìpinnu yìí ná wọn ní ohun púpọ̀. Ẹgbẹ́ 6 péré ni ó kù ní ọdún 1877. Àwọn ìlú ńlá méjèèjì kò sì padà sínú líìgì títí di ọdún 1883. Ṣùgbọ́n ohun kan yé gbogbo ènìyàn: bí líìgì bá lè lé ẹni ńlá, kò sí ẹni kékeré tí yóò fi àdéhùn ṣeré.

Láti ọdún 1877, líìgì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìwé ètò eré. A kò fi í sílẹ̀ fún lẹ́tà àwọn akọ̀wé mọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò pàdé alátakò kọ̀ọ̀kan nígbà 12. Alátakò 5 lọ́nà 12 jẹ́ eré 60. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún di 8 ní ọdún 1879, alátakò 7 lọ́nà 12 di eré 84.

Ọwọ́ líle rẹ̀

Ní ọdún 1877 kan náà, ó hàn pé eléré mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ Louisville lọ́wọ́ nínú ìwà àbòsí nítorí owó. Wọ́n lé wọn kúrò nínú eré títí ayé. Jim Devlin wà lára wọn. Spalding kọ ọ́ sínú ìwé pé Devlin wá kúnlẹ̀ níwájú Hulbert, pé Hulbert sunkún, ó fún un lówó, ṣùgbọ́n kò gbà á padà.

Ní ọdún 1880, líìgì lé Cincinnati jáde nítorí pé ó ń ta bíà ní pápá rẹ̀, ó sì ń yá pápá náà fún àwọn ẹlòmíràn ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bí nínú dá líìgì mìíràn sílẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1882. Ìdajì owó ìwọlé ni tiwọn, wọ́n sì gba bíà láyè.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ Hulbert ni ó ṣe ènìyàn lóore. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọdún 1879, àwọn olówó ẹgbẹ́ gbà láàárín ara wọn pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè de eléré 5 mọ́lẹ̀, tí ẹgbẹ́ mìíràn kò sì ní bá wọn dú wọn. Nígbà tí ó yá, òfin náà kan gbogbo eléré. Ó dín owó iṣẹ́ wọn kù, ó sì gba òmìnira wọn. Ó lé ní 90 ọdún kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ tí kò mú àdéhùn ṣẹ kò fún àwọn eléré ní ohùn nínú àdéhùn tí ó kàn wọ́n.

Hulbert kú ní Chicago ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1882. Àrùn ọkàn ni ó pa á. Ẹni ọdún 49 ni. Òkúta tí ó wà lórí sàréè rẹ̀ rí roboto bí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú 8 tí ó wà nínú líìgì nígbà náà sí i lára.

Láti 70 dé 162

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, iye eré ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ kò yí padà. Ní ọdún 1904, líìgì méjì ni ó wà, ẹgbẹ́ 8 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pinnu pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdé alátakò kọ̀ọ̀kan nígbà 22. 7 lọ́nà 22 jẹ́ 154. Iye yìí wà fún ọdún púpọ̀.

Ní ọdún 1961, ọ̀kan nínú líìgì méjèèjì gba ẹgbẹ́ tuntun, wọ́n sì di 10. Alátakò wá di 9. Bí wọ́n bá pàdé nígbà 22, eré yóò di 198, òtútù àti yìnyín yóò sì bá wọn lórí pápá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 17, eré yóò di 153, èyí tí ó sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n 17 kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba láàárín ilé àti ẹ̀yìn odi. Wọ́n mú 18: ìgbà 9 nílé, ìgbà 9 lẹ́yìn odi. 9 lọ́nà 18 jẹ́ 162. Líìgì kejì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1962.

Eré 8 tí wọ́n fi kún un dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní ọdún 1927, Babe Ruth gbá bọ́ọ̀lù 60 tí ó jẹ́ kí ó sáré yí pápá ká láìdúró, nígbà tí sáà jẹ́ eré 154. Ní ọdún 1961, Roger Maris gbá 61, ṣùgbọ́n nínú sáà eré 162. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò tọ́ kí a fi wọ́n wé ara wọn. Ọ̀rọ̀ Keokuk àti Boston ni ó tún padà wá.

Lónìí, àwọn olówó ẹgbẹ́ nìkan kò lè pinnu iye eré. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré ń bá wọn jókòó, iye eré àti ọjọ́ ìsinmi sì wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí. Bí àdéhùn kò bá sí, eré lè dúró. Ìyanṣẹ́lódì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994 ni ó jẹ́ kí sáà 1995 kúrú sí eré 144. Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣe eré 60 péré, iye kan náà tí Hulbert àti àwọn ẹgbẹ́ 6 rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877.

Ilé kan wà ní ìlú Cooperstown tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù. Wọ́n kọ orúkọ Bulkeley, ààrẹ ọdún kan, síbẹ̀ ní ọdún 1937. Ti Hulbert kò dé ibẹ̀ àfi ní ọdún 1995. Agbègbè kan náà ni Cooperstown wà pẹ̀lú Burlington Flats, abúlé tí wọ́n ti bí i.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ẹgbẹ́ kan ti lágbára tó, kò lè bá ara rẹ̀ díje. Ó nílò alátakò tí yóò dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá, yálà ó ń borí tàbí ó ń pàdánù.