Béla Bartók: Olórin Tó Gbé Ẹ̀rọ Tọ Àwọn Àgbà Lọ

Ọlọ́run a máa fi ìṣúra pamọ́ síbi tí ojú ọ̀mọ̀wé kì í dé. Ìgbésí ayé Béla Bartók, ọ̀kan nínú àwọn tó sọ orin Yúróòpù di ọ̀tun, fi èyí hàn wá.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1881 ni a bí i, ní ilẹ̀ Họ́ńgárì ìgbà náà. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ tọ́ ọ, òun náà ló sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù. Ní 1907, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Budapest.

Ṣáájú ìgbà náà, ní 1904, ó ti gbọ́ orin lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Orin náà kò jọ èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní orin Họ́ńgárì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Zoltán Kodály, bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Edison, wọ́n gba abúlé lọ. Àgbẹ̀ a kọrin sẹ́nu ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ a sì fín ohùn rẹ̀ sára ìda. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìda kan lè gbà. Bí a bá sì ń lù ú léraléra, ohùn náà á máa parẹ́. Nítorí náà ni Bartók ṣe ń fi sùúrù kọ gbogbo ìró rẹ̀ sílẹ̀. Ó gba orin àwọn ará Slovakia àti Rùmáníà pẹ̀lú. Ó dé Algeria ní 1913, ó dé Tọ́kì ní 1936. Àwọn kan nílé bá a wí pé ó fẹ́ràn orin àjèjì jù. Kò yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ sì wọ inú orin tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí agbára Hitler ń gbilẹ̀, kò lè bá a rẹ́. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, òun àti aya rẹ̀, Ditta, kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1940. Níbẹ̀, àìsàn ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, síbẹ̀ ó kọ Concerto for Orchestra ní 1943. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 ni ó kú ní New York, bí orin dùùrù tí ó ń kọ fún aya rẹ̀ ti ku díẹ̀ kó parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tibor Serly, ló bá a parí rẹ̀.

Àwa náà ní irú rẹ̀: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ojú ń tì wá láti kọ orin ìyá àgbà wa létí ẹgbẹ́. A kò gbà á sílẹ̀. Wọ́n sì ti lọ. Ẹ̀yin òbí, fóònù ọwọ́ yín ju ẹ̀rọ Bartók lọ. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó ṣẹ́kù, kí ẹ sì gbọ́ wọn nígbà tí ohùn ṣì wà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.