James Churchwill Vaughan: Àjèjì Tí Ó Di Baba Ńlá

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè tiwa, láti Ìkìrun títí dé Inísà àti Òkukù. Bí o bá bi ọmọ Inísà kan léèrè pé ta ni, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò sọ fún ọ. Yóò dárúkọ agbo ilé baba rẹ̀, yóò sì sọ ìlú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣí wá kí wọ́n tó tẹ̀dó. Àjèjì àná ni onílé òní. Nítorí náà ni mo fi rò pé ó yẹ kí àwa ọmọ agbègbè yìí mọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti òkè òkun wá, tí kò lè nàka sí agbo ilé kankan ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n tí ó kú ní baba ìdílé ńlá ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ ni James Churchwill Vaughan.

Ìran àti Ìbí Rẹ̀

Ìlú Camden, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Vaughan sí ní ọdún 1828. Scipio ni orúkọ baba rẹ̀. Ẹrú ni Scipio, ọ̀dọ̀ òyìnbó tí ó ni ín, Wylie Vaughan, ni ó sì ti gba orúkọ ìdílé náà. Ṣùgbọ́n Scipio kì í ṣe ọ̀lẹ. Oníṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ni, ó mọ iṣẹ́ káfíńtà dunjú. Nígbà tí Wylie kú ní 1820, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí a dá Scipio sílẹ̀ bí àkókò kan bá pé. Ní 1827 ni àkókò náà pé, Scipio sì di ẹni ara rẹ̀.

Ní ti ìyá Vaughan, òmìnira ni ó bí i. Ọmọ Bonds Conway ni obìnrin náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó fi owó ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú ní 1793. Ilé Conway yìí ṣì wà ní Camden títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé wọn kì í ṣe ẹrú mọ́, ayé wọn dẹrùn. Òmìnira àbọ̀ ni òmìnira wọn. Ní 1822, a fi ẹ̀sùn kan Denmark Vesey àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìlú Charleston pé wọ́n fẹ́ dìtẹ̀ láti gba àwọn ẹrú sílẹ̀. A yẹgi fún wọn. Láti ìgbà náà ni òfin ti le koko mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọkùnrin dúdú tí ó jẹ́ òmìnira gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọdé ni. Bí ó bá kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ padà wá mọ́. Ní 1834, a tún fi òfin de kíkọ́ ẹrú ní ìwé kíkà.

Ní 1840 ni Scipio kú, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ohun tí ìdílé náà ń sọ láti ìran dé ìran ni pé, nígbà tí Scipio ń kú lọ, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n padà sí Áfíríkà.

Ìrìn Àjò Rẹ̀

Ní 1852, nígbà tí Vaughan di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó gbọ́ràn sí baba rẹ̀ lẹ́nu. Ó dágbére fún ìyá àti àwọn ẹbí rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Làìbéríà, orílẹ̀-èdè tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà wá dá sílẹ̀, tí ó gba òmìnira ní 1847. Ẹ rántí òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní South Carolina, ó mọ̀ pé òfin ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lẹ́yìn.

Kò pẹ́ ní Làìbéríà. Ní 1855, àwọn oyìnbó ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi gbà á sí iṣẹ́ káfíńtà, ó sì bá wọn dé ilẹ̀ Yorùbá. Ohun kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a fò dá. Ìjọ tí ó rán àwọn oyìnbó wọ̀nyí níṣẹ́, ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ó wà, ọ̀rọ̀ ẹrú ni ó sì fà á tí ó fi ya kúrò lára àwọn Onítẹ̀bọmi ti àríwá ní 1845. Àwọn ará gúúsù kò gbà pé kí a tìtorí pé ènìyàn ní ẹrú kí a má rán an níṣẹ́ ìhìnrere. Ọ̀dọ̀ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Scipio ti ń jẹun. Ó fọwọ́ sí iṣẹ́, ó di ẹnu rẹ̀.

Ogun Lé E, Ogun Bá A

Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, ni Vaughan fìdí kalẹ̀ sí. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn ilẹ̀ wa mọ bí ogun náà ti gbóná tó. Wọ́n mú Vaughan lẹ́rú ogun. Ẹ wo ọ̀ràn náà: ẹni tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ ẹrú ni okùn tún bọ̀ lọ́rùn ní ilẹ̀ tí ó pè ní ilé! Orí kó o yọ, ó sì di ẹni tí ń yin ìbọn fún Ìjàyè lójú ogun. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862.

Vaughan bá àwọn tí ogun lé lọ sí Abẹ́òkúta. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: àwọn Ẹ̀gbá dìde sí àwọn oyìnbó ajíhìnrere, wọ́n ba ilé ìsìn wọn jẹ́, wọ́n lé wọn jáde nílùú. Vaughan náà di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Èkó.

Ọmọ agbègbè Ọ̀tìn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ayé yìí. Ní 1878, nígbà tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, tí àìlóǹkà ènìyàn kú sínú odò Ọ̀tìn, àwọn ará Òkukù fi ilé àti oko sílẹ̀ lọ forí pamọ́ sí Ìkìrun, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì lò níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Àwọn ìyá ńlá wa mọ ohun tí a ń pè ní kí á di ẹrù ní òru. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tí ogun lé kúrò ní ilé kò sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Vaughan gbé dé Èkó.

Ó Di Olówó, Kò Di Ẹrú Owó

Ní Èkó, Vaughan ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń ta ohun èlò ìkọ́lé tí a fi irin ṣe. Ìlú ń gbòòrò, àwọn ènìyàn ń kọ́lé, ọjà rẹ̀ sì tà. Ó di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí Èkó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni Sarah Ọmọtáyọ̀, wọ́n sì bí ọmọ, lára wọn ni James Wilson, Burrell àti Aida.

Ẹni tí ó bá ní ọjà àti ilé lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Vaughan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1888, òyìnbó tí ó wà ní olórí iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, W. J. David, dá Pásítọ̀ Moses Ládéjọ Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dúró lẹ́nu iṣẹ́ láì gba ìmọ̀ràn ìjọ. Àwọn ọmọ ìjọ bínú. Ta ni ó ní ìjọ, àwọn tí ń jọ́sìn nínú rẹ̀ ni tàbí òyìnbó kan ṣoṣo? Púpọ̀ jù lọ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, ìjọ tí ọmọ Áfíríkà ń ṣe àkóso rẹ̀ fúnra wọn. Òun ni a mọ̀ sí Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ebenezer. Vaughan wà ní iwájú nínú àwọn ọmọ ìjọ tí ó ṣe èyí, pẹ̀lú Stone àti ẹni tí a wá mọ̀ sí Mojọlá Agbebí.

Mo rò pé ibí ni a ti rí Vaughan gan-an. Ó ti gbé lábẹ́ òfin alágbàtọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó ti jẹun lọ́dọ̀ ìjọ àwọn olówó ẹrú. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n tún fẹ́ fi àgbàlagbà ṣe ọmọdé ní Èkó, ó kọ̀. Nígbà tí ó yá, ìjà náà parí. Ní 1914 ìhà méjèèjì tún para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, Agbebí sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó jáde nítorí iyì kò jáde lásán.

Ikú Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Fi Sílẹ̀

Vaughan kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893. Ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fi ibùdó wọn ní Ìkìrun sílẹ̀, tí ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí sinmi ogun. Ní ọdún náà gan-an ni a bí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí a sọ ní James Churchill Vaughan, ẹni tí ó di dókítà, tí ó sì wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1934 láti bá ìjọba òyìnbó wí. Ọmọ Aida, ìyẹn Lady Kofoworọlá Adémọ́lá, ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gboyè ní Yunifásítì Oxford, ní 1935.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìtàn ìdílé náà sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta ni Scipio, àti pé ilà ojú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi mọ àwọn ìbátan rẹ̀ nígbà tí ó dé ibẹ̀. Lisa Lindsay, òpìtàn ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ ìwé jáde lórí Vaughan ní 2017, kò rí ẹ̀rí fún èyí. Bí a bá sì ka ọdún dáadáa, Scipio ti wà ní Camden ṣáájú kí a tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn kan lè ní a ti ba ìtàn náà jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìdílé ní ń fẹ́ ibi tí yóò fi ọwọ́ tọ́ka sí, àwọn tí wọ́n jí ibi tiwọn gbé sì ni ó ń fẹ́ ẹ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilà ni ó sọ Vaughan di ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilé tí ó kọ́, ogun tí ó bá wa jà, ìyà tí ó bá wa jẹ, ìjọ tí ó bá wa dá sílẹ̀ àti ọmọ tí ó bí ni ó sọ ọ́ di baba.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a ṣì ń gbọ́ ọ ní ìlú wa, bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, tí a ń pe ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti tẹ̀dó láti ìran mẹ́rin ní àjèjì. Kí ẹni tí ó fẹ́ wí bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi baba tirẹ̀ léèrè ibi tí àwọn náà ti wá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á kú ní àjèjì níbi tí a ti ṣiṣẹ́.