Félix d'Hérelle, ọkùnrin tó fi kòkòrò pa kòkòrò

Láti Mowe dé Ibafo, títí kan Ifo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí inú bá ń run ènìyàn tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìtajà oògùn tó wà ní ìkòríta ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n á ra kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò méjì-mẹ́ta, wọ́n á fi omi gbé e mì. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, ó parí, wọn kì í lò ó tán. Ìlòkulò báyìí wà lára ohun tó kọ́ àwọn kòkòrò àrùn lọ́gbọ́n, tí oògùn apakòkòrò kò fi ràn wọ́n mọ́. Ní ọdún 2019 nìkan, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àrùn tí oògùn kò ràn mọ́ ló pa nǹkan bí 64,500 ènìyàn ní Nàìjíríà, tí iye náà sì lé ní mílíọ̀nù kan ní gbogbo àgbáyé. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí àwọn oníṣègùn tún máa dárúkọ ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1949.

Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Félix d'Hérelle sí ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 1873. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún ènìyàn pé Montreal ní Kánádà ni wọ́n ti bí òun, ọ̀pọ̀ ìwé ló sì gbé irọ́ yìí kiri kí àwọn òpìtàn tó tú u. Kò gba oyè yunifásítì kankan nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Fúnra rẹ̀ ló ka ìwé, tó sì ń ṣe àyẹ̀wò nílé. Ní Kánádà, ó dá ilé iṣẹ́ ṣokoléètì sílẹ̀, owó sì wọgbó. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ sí Guatemala, níbi tó ti ń ṣe àyẹ̀wò kòkòrò àrùn ní ilé ìwòsàn, tó sì tún ń wá bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọn ọtí. Láti ibẹ̀ ó gba Mẹ́síkò lọ. Eéṣú bo oko níbẹ̀, d'Hérelle sì ṣàkíyèsí pé àrùn kan ń pa àwọn eéṣú náà fúnra wọn. Ó mú kòkòrò tó ń fa àrùn yìí, ó sì fi í gbógun ti eéṣú ní Argentina, lẹ́yìn náà ní Tunisia. Nígbà yẹn, ilé ìwádìí Pasteur ní Paris ti gbà á síṣẹ́.

Inú Ogun Àgbáyé Kìíní ni iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1915, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé tó wà nítòsí Paris. D'Hérelle gba ìgbẹ́ àwọn aláìsàn, ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kankan kò lè gbà á kọjá. Omi tó jáde ló pò mọ́ bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Nígbà tó yá, omi tó ti dúdú nítorí bakitéríà mọ́ gaara. Lórí àwo tí bakitéríà hù sí, ó rí àwọn ibi róbótó-róbótó tí ohunkóhun kò hù. Nǹkan kan tó kéré ju bakitéríà lọ ló ń pa wọ́n. Ó gbà pé fáírọ́ọ̀sì ni, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ajẹ-bakitéríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1917, wọ́n ka ìwé rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé.

Àwọn onímọ̀ ń gé orúkọ náà kúrú sí fáàjì, èyí tí kò bá fáàjì òde àríyá tan rárá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: fáàjì á lẹ̀ mọ́ ara bakitéríà, á fún ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹni tó gbàlejò rẹ̀, á sì fi ilé onílé bí ọmọ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí bakitéríà náà á fi bẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fáàjì á tú jáde láti wá òmíràn lọ. Oògùn apakòkòrò ń pa rere pọ̀ mọ́ búburú nínú ìfun, ṣùgbọ́n fáàjì kì í fọwọ́ kan ẹlòmíràn yàtọ̀ sí irú bakitéríà tó mọ̀. Kì í sì í ba ẹ̀yà ara ènìyàn jẹ́.

Ara adìyẹ ló ti kọ́kọ́ dán an wò, ní ọdún 1919 tí àrùn ń pa adìyẹ ní àwọn abúlé ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan wá sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Paris, ìgbẹ́ ọ̀rìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Kí wọ́n tó fún ọmọ náà, d'Hérelle mu omi fáàjì náà fúnra rẹ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ náà mu nínú rẹ̀. Nígbà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, wọ́n fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ sì yá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni mẹ́ta mìíràn tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì yè.

Ní ọdún 1925, ó wà ní Íjíbítì nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan gbé aláìsàn mẹ́rin dé Suez. Àrùn burúkú tí eégbọn ara eku ń kó ran ènìyàn ló ń ṣe wọ́n, irú èyí tó ń jà ní Èkó lákòókò náà gan-an láti ọdún 1924. D'Hérelle gún wọn ní abẹ́rẹ́ fáàjì sínú kókó tó yọ sí wọn lára, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbádùn. Ìròyìn yìí ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é sí India, níbi tí onígbáméjì ti ń pa ènìyàn bí ẹni ń jẹ̀ṣà. Ní ọdún 1927, kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n fún ní fáàjì níbẹ̀, wọ́n tún dà á sínú kànga abúlé. Ẹni tó bá mọ bí kànga àti ṣáláńgá ṣe ń fara kínra ní àwọn àdúgbò tuntun ní Mowe àti Ibafo á mọ ohun tó ń wá dé ìdí kànga.

Ọkùnrin náà kò mọ bí a ṣe ń fi ẹnu tu ènìyàn lójú. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ó bá Jules Bordet, tó gba ẹ̀bùn Nobel, jà. Bordet kò gbà pé fáírọ́ọ̀sì ni, ó sì ń tọ́ka sí Frederick Twort, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ̀wé nípa irú nǹkan yìí ní ọdún 1915. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fa d'Hérelle kalẹ̀ fún Nobel, kò sì gbà á rí. Ká sọ tòótọ́, òun náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: nínú àwọn ìtọ́jú tó kọ́kọ́ ṣe, kì í fi àwọn tó gba fáàjì wé àwọn tí kò gbà á, èyí tó jẹ́ kí àwọn alátakò rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn oníṣòwò wá bà á jẹ́ sí i. Fáàjì tí wọ́n ń tà nígbà náà, òmíràn ti kú sínú ìgò, òmíràn wà fún àrùn tí kì í ṣe bakitéríà ló fà á. Ilé iṣẹ́ tó bá d'Hérelle ta tirẹ̀ ní Paris ni ilé iṣẹ́ aró irun tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí L'Oréal. Ní ọdún 1934, ìwádìí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí kò tó.

Ní àkókò yìí, d'Hérelle ti fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ní yunifásítì Yale, ó ti lọ sí Tbilisi ní Georgia, tó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Eliava ló ní ilé ìwádìí níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé tí wọn ìbá jọ máa gbé. Ní ọdún 1937, ìjọba Stalin mú Eliava, wọ́n yìnbọn pa á, àwọn ọlọ́pàá inú sì gba ilé náà. D'Hérelle kò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà ogun Hitler, wọ́n sé e mọ́ Vichy. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní Paris ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1949, tí penisílìnì ti gba gbogbo ayé kan, tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì ti gbàgbé fáàjì.

Àwọn ará Tbilisi kò gbàgbé. Ilé ìwádìí Eliava ṣì ń fi fáàjì tọ́jú aláìsàn títí di òní, àwọn aláìsàn sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ní ọdún 2016, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní San Diego ní Amẹ́ríkà, tó kó àrùn ní Íjíbítì, wà láàárín ikú àti ìyè nígbà tí gbogbo oògùn apakòkòrò kọ̀ láti ràn. Fáàjì tí wọ́n ṣà láti inú omi ìdọ̀tí ló gbé e dìde. Ìjọba Belgium ti gba àwọn apoògùn láyè láti po fáàjì fún aláìsàn tí dókítà bá kọ ìwé fún. Ibi tí bakitéríà bá pọ̀ sí ni fáàjì ń pọ̀ sí, kò sí gọ́tà kan ní Ifo tí kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tó le ni kí wọ́n mú èyí tó bá kòkòrò ara aláìsàn mu gẹ́lẹ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó wọ ara ènìyàn, iṣẹ́ tó ń fẹ́ ilé ìwádìí tó pójú owó àti iná tí kì í lọ.