Elizabeth McCombs: Obìnrin Tó Ṣe Iṣẹ́ Ńlá Lórí Ìjókòó Kékeré

Bí ọ̀rọ̀ ìdìbò bá ti délẹ̀, ààrẹ àti gómìnà ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. Ìbò káńsù ni a máa ń fojú tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ káńsù ló yẹ kó mójú tó gọ́tà àdúgbò wa àti ọjà tí àwọn ìyá wa ń ná. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn obìnrin Onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ New Zealand, ẹni tó sin ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbìmọ̀ ìlú àti ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1873 ni a bí Elizabeth Reid Henderson ní ìlú Kaiapoi, ní agbègbè Canterbury. Ọmọdé ni nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1886, nǹkan kò sì rọrùn fún ìdílé náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Christina àti Stella, jẹ́ akíkanjú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ipasẹ̀ wọn ni Elizabeth sì tọ̀. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Onígbàgbọ́ tó ń gbógun ti ọtí líle. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ṣíwájú, lábẹ́ Kate Sheppard, nínú akitiyan tó mú kí àwọn obìnrin New Zealand gba ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ọdún 1893, kí orílẹ̀-èdè mìíràn tó fún tirẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a dìbò, ọ̀tọ̀ ni kí a gba ìbò. Ó di ọdún 1919 kí òfin tó gba obìnrin láyè láti du ipò ní ilé aṣòfin. Ní gbogbo àkókò yẹn, Elizabeth kò káwọ́ gbera. Ó fẹ́ James McCombs ní ọdún 1903. Ọkọ rẹ̀ wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1913 láti ṣojú Lyttelton, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tó kó ipa pàtàkì nígbà tí a dá ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sílẹ̀ ní ọdún 1916.

Ní ọdún 1921, Elizabeth du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú Christchurch, ó sì wọlé. Obìnrin kan ṣoṣo, Ada Wells, ni ó ti wọ ìgbìmọ̀ náà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1925, ó tún jáde fún ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti Àríwá Canterbury, àwọn ará ìlú sì dìbò fún un. Ó yẹ kí a mọ̀ pé láyé ìgbà náà, kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bójú tó. Òun náà ló ń pín ìrànwọ́ fún àwọn aláìní. Obìnrin yìí di alága ẹ̀ka tó ń ṣètò ìrànwọ́ náà. Ó jà kí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì lè rọrùn sí i, kí oúnjẹ tí a ń fún àwọn aláìsàn sì lè dára. Nígbà tí ọ̀dá owó gba ayé kan, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀dọ̀ irú ìgbìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ tí ebi ń pa ń wá ìrànwọ́ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ìbò ló wọlé. Ó du ipò aṣòfin ní Kaiapoi ní ọdún 1928, ó fìdí rẹmi. Ó tún gbìyànjú ní Àríwá Christchurch ní ọdún 1931, kò tún bọ́ sí i. Kò bínú fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀. Ó padà sí ìpàdé ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1933, ọkọ rẹ̀ kú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, opó náà jáde láti du ipò tó ṣófo. Ìbò 32 péré ni James fi borí ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n ìbò tí Elizabeth fi ju alátakò rẹ̀ lọ tó 2,600. Báyìí ló di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ilé aṣòfin New Zealand, ogójì ọdún lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Nínú ilé náà, ó gbèjà àwọn obìnrin tí wọ́n ń san owó orí àìríṣẹ́ṣe bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n tí wọn kì í rí ìrànwọ́ gbà nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àìlera kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1935, ọmọ rẹ̀ Terence ló sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kò tó ọdún méjì tó lò nílé aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó síbi tí a ti ń jíròrò lórí oúnjẹ aláìsàn àti àpò aláìní, níbi tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n. Bí ìbò káńsù bá tún dé ní agbègbè wa, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ẹni tó ń wá ìbò wa ti ṣe fún aládùúgbò rẹ̀. Bí Olúwa bá sì fi sí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́kàn láti jáde, kí ó má ṣe kẹ́gàn ìjókòó kékeré.