Louis Pasteur: láti inú àgbá ọtí dé abẹ́rẹ́ àjẹsára

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹmu tó dùn láàárọ̀ á ti le tó bá di alẹ́. Tó bá di ọ̀tunla, ó ti kan. Ta ló ń ṣe é tó fi ń le? Ìwúkàrà ni. Ẹbí olú tí à ń sè jẹ ni, àmọ́ ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ìlú Dole, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí Louis Pasteur sí ní 1822. Iṣẹ́ awọ ẹran ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní 1854, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lille. Ní 1856, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, tó ń fi betterave ṣe ọtí, wá bá a pé ọtí inú àwọn àgbá kan ń bàjẹ́. Pasteur bu díẹ̀, ó fi awò tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá wò ó. Nínú èyí tó dára, ó rí ìwúkàrà róbótó-róbótó, tí wọ́n ń yọ ọmọ lára. Nínú èyí tó bàjẹ́, nǹkan mìíràn tó rí bí ọ̀pá kéékèèké ló kún ibẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì gbà pé jíjẹrà lásán ló ń sọ ṣúgà di ọtí. Pasteur ò gbà. Ó fi hàn pé ohun alààyè ni ìwúkàrà, pé ó ń jẹ ṣúgà, ó sì lè wà láàyè níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé.

Ọmọ 5 ló bí. Mẹ́ta kú ní kékeré. Tífọ́ìdì ló pa 2 nínú wọn, ní 1859 àti 1866. Ẹ wò ó, ẹni tó mọ ohun tó ń ba ọtí jẹ́ ò rí nǹkan ṣe sí èyí tó ń pa ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí kòkòrò àìrí bá lè ba ọtí jẹ́, ṣé kò lè ba ara ènìyàn náà jẹ́ ni? Ìbéèrè yẹn ló ń lé kiri, kódà lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì rẹ̀ ní 1868. Ní 1885, ó tọ́jú Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ. Ọmọ náà yè.

Pasteur kú ní 1895. Bí ẹ bá rí "pasteurisé" lára páálí wàrà, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín.