Rudolf Duala Manga Bell: Adájọ́ Tí A Kò Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó dojú kọ ọ̀nà Edéa, yóò gba Japoma kọjá kí ó tó sọdá odò Dibamba. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ Japoma nítorí pápá ìṣeré ńlá tí a kọ́ síbẹ̀, níbi tí a ti gbá bọ́ọ̀lù ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ohun mìíràn ni àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé etíkun náà, àwọn Jámánì já afárá reluwé tí ó wà ní Japoma, kí àwọn tí ń lépa wọn má baà lè kọjá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Faransé sọdá odò náà, agbára Jámánì sì kúrò ní àgbègbè Douala. Ní ọjọ́ náà, kò tíì pé oṣù méjì tí ìjọba Jámánì so ọba àti adájọ́ àgbà kan tí ó jẹ́ ọmọ etíkun náà kọ́. Ìtàn ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí yóò bá jókòó lọ́jọ́ kan láti parí ìjà láàárín ẹni méjì, ìbáà ṣe ní ilé ẹjọ́, ìbáà ṣe ní ilé ẹ̀kọ́.

A bí Rudolf Duala Manga Bell ní ọdún 1873. Ìdílé ọba Bell ni a bí i sí, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá tí ẹ̀yà Duala pín sí ní etí odò Wouri. Akwa, Deido àti Bonabéri wà lára àwọn yòókù. Òwò ni àwọn ènìyàn yìí fi lókìkí, nítorí àwọn ni alágbàtà láàárín àwọn ará òkè odò àti ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Rudolf kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀, Ndumbé Lobe Bell, pẹ̀lú ọba Akwa, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884. Wọ́n fi ìṣàkóso ilẹ̀ náà lé Jámánì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn Duala ń gbé àti èyí tí wọ́n ń dáko yóò máa jẹ́ tiwọn. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ tí ó ń bọ̀ dá lé.

Ní ọdún 1891 a rán ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí Jámánì láti kàwé. Ó gbé ní Aalen àti ní Ulm, ó gbọ́ èdè Jámánì yékéyéké, ó sì mọ ìṣe àti òfin wọn débi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Douala kò lè fi òye ṣe é ní ẹrú. Nígbà tí ó padà wálé, ó fẹ́ Emily Engome Dayas, ọmọ tí oníṣòwò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bí fún obìnrin Duala, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba. Kò kórìíra àwọn Jámánì. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ènìyàn tí ń bọ̀wọ̀ fún òfin ni wọ́n, àti pé bí a bá ti fi òótọ́ hàn wọ́n ní èdè wọn, wọn yóò gbà á.

Bàbá rẹ̀, ọba Manga Ndumbe Bell, kú ní ọdún 1908, Rudolf sì gorí àga. Kì í ṣe adé nìkan ni ó jogún. Ó jogún owó ọdọọdún láti ọ̀dọ̀ ìjọba, oko kòkó àti igi gẹdú ní àfonífojì odò Mungo, ilé àti ilẹ̀ ní Douala, àti gbèsè tí kò kéré. Ó sì jogún ipò olórí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí àṣẹ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà etíkun Kamẹrúùnù. Báyìí ni ó ṣe di adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìjọba Jámánì ni ó fún àwọn ìjòyè ní àyè láti máa gbọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn ènìyàn wọn. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Itòsí ni ó wà. Èdè tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ gbọ́ ni a ń sọ níbẹ̀. Àṣà tí wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn ni a sì fi ń wọn ọ̀rọ̀. Opó tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò láti wá ògbufọ̀ kí ó tó lè sunkún. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀ pẹ̀lú. Ipò náà ń mú owó wọlé fún adájọ́, níbi tí adájọ́ bá sì ti ń jẹun lórí ẹjọ́, ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ẹnu ọ̀nà ṣí fún tálákà bí ó ti ṣí fún olówó. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ààrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀ nìkan ni àṣẹ ilé ẹjọ́ náà mọ. Bí ìjà bá wà láàárín ọmọ ìbílẹ̀ àti òyìnbó, tàbí láàárín rẹ̀ àti ìjọba, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Jámánì ni ẹjọ́ ń bọ́ sí. Nígbà púpọ̀, ẹni tí ó pàṣẹ náà ni ó tún ń jókòó láti dá ẹjọ́ lórí àṣẹ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kan adájọ́ fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1910, ọ̀gá àgbègbè Douala, Hermann Röhm, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí a kó gbogbo àwọn Duala kúrò ní etí odò, kí a tẹ ìlú tuntun dó fún wọn ní apá ẹ̀yìn, kí a sì fi ilẹ̀ òfìfo tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà kan pààlà láàárín wọn àti àwọn òyìnbó. Ìlera ni wọ́n fi ṣe ìdí: wọ́n ní ibà ń ti ara àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ran àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n etí odò náà ni èbúté wà, ibẹ̀ ni òwò wà, ibẹ̀ sì ni iye owó ilẹ̀ ti ń gòkè lójoojúmọ́. Ẹni tí a bá mú kúrò níbẹ̀, ilé nìkan kọ́ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A gba oúnjẹ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ìdílé Duala ti ń bá ara wọn díje láti ayébáyé. Ọ̀rọ̀ yìí sọ wọ́n di ọ̀kan, wọ́n sì yan Manga Bell láti jẹ́ ẹnu fún gbogbo wọn. Kò sí àpótí ìbò, kò sí ìwé ìdìbò. Àwọn olórí pàdé, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì gbé ẹrù náà lé e lórí nítorí ó gbọ́ òfin. Kì í ṣe ẹrù tí kò léwu. Ní ọdún 1905, àwọn ìjòyè Akwa kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin Jámánì lórí ìwà Gómìnà Puttkamer, ẹ̀wọ̀n ni ìjọba ní Kamẹrúùnù sì kọ́kọ́ fi dá wọn lóhùn.

Ohun tí Manga Bell ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí adájọ́ rere yóò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe. Kò dìde ogun, kò sì sun ilé ẹnikẹ́ni. Ó mú ìwé àdéhùn ọdún 1884 jáde, ó sì di í mú. Láti ọdún 1911, òun àti àwọn olórí yòókù bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé sí ilé aṣòfin ní Berlin, wọ́n ń fi yé wọn pé ètò náà ta ko àdéhùn tí Jámánì tọwọ́ bọ̀. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1913, àṣẹ gbígba ilẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba yọ Manga Bell kúrò ní ipò, wọ́n sì gba owó ọdọọdún rẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, wọ́n ti ń wó ilé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Bonanjo, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ibi tí a ń pè ní New-Bell títí di òní.

Níhìn-ín ni adájọ́ ti mọ̀ bí ó ti ń rí lára ẹni tí ilé ẹjọ́ jìnnà sí. Òkun ńlá wà láàárín Douala àti Berlin. Owó ọkọ̀, owó agbẹjọ́rò, owó wáyà, ọrùn àwọn tí a ń lé kúrò nílé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìjọba kò sì fún àwọn aṣojú wọn láyè láti rìnrìn àjò. Nítorí náà ni Ngoso Din, akọ̀wé ọba, fi yọ́ jáde kúrò nílùú lọ sí Jámánì. Ó rí agbẹjọ́rò gbà níbẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn díẹ̀ sì gbèjà wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1914, ilé aṣòfin dá ìkólé náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó dàbí ẹni pé ìgbàgbọ́ Manga Bell yóò já sí òótọ́.

Ṣùgbọ́n ìjọba mú ẹ̀sùn mìíràn wá. Wọ́n ní ọba náà ń ránṣẹ́ sí àwọn ọba inú ilẹ̀, lára wọn Njoya ọba Bamum, àti sí ìjọba òyìnbó mìíràn, láti dìtẹ̀ sí Jámánì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yí padà di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, ilé aṣòfin sì jẹ́ kí ìkólé máa lọ. Ní oṣù karùn-ún wọ́n mú Manga Bell ní Douala, wọ́n sì mú Ngoso Din ní Jámánì, wọ́n dá a padà wálé. Kí a tó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ogun àgbáyé ti bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni a gbé wọn wá síwájú ilé ẹjọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí. Agbẹjọ́rò wọn wà ní òkè òkun. Àwọn míṣọ́nnárì bẹ Gómìnà Ebermaier pé kí ó dá ẹ̀mí wọn sí, kò gbà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, a so Rudolf Duala Manga Bell àti Ngoso Din kọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a pa Martin Paul Samba ní Ebolowa pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá yóò rántí ìtàn kan tí ó jọ èyí. Ní ọdún 1913 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ilẹ̀ Apapa lọ́wọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó. Òun náà gbé ẹjọ́ lọ sí òkè òkun; ní ọdún 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1921 sì ni ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà níbẹ̀ gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ẹbí àti ará ìlú, àti pé ó yẹ kí a san owó ilẹ̀ wọn fún wọn. Ẹjọ́ méjèèjì fara jọra. Olúwa rí adájọ́ tí kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ náà. Manga Bell kò rí. Síbẹ̀, kí a má gbàgbé pé ẹni tí ó lè rí owó ọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ni ó jàre. Mélòó ni àwọn tí a gba oko wọn, tí wọn kò tilẹ̀ lè rí owó ọkọ̀ dé olú ìlú?

Àwọn Faransé tí ó gba ipò Jámánì kò dá ilẹ̀ náà padà. Àwọn Duala kò dákẹ́. Ní ọdún 1929 wọ́n tún kọ ìwé, lọ́tẹ̀ yìí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ní Geneva. Alexandre, ọmọ ọba tí a pa, di aṣòfin ní Paris lẹ́yìn ogun kejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1922 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọdún lórí rẹ̀, ìyẹn 2022, ìlú Berlin yọ orúkọ Gustav Nachtigal, ẹni tí ó gbé àsíá Jámánì nà ní Douala, kúrò lára gbàgede kan, ó sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀. Ìlú tí ó kọ̀ láti gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀ ti ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ẹlẹ́ran ara ni ọkùnrin yìí. Ó lówó, ó jẹ gbèsè, ó sì jẹ nínú èrè ipò tí ìjọba fún un. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di òrìṣà. Ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ fi ohun mẹ́ta hàn wá nípa ìdájọ́ òdodo: kí ó wà ní itòsí, kí apá tálákà ká a, kí ẹni tí ń dá a má sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfin kù, òdodo ti lọ. Àwọn baba wa mọ èyí kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n fi sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, adájọ́ kékeré ni olúkúlùkù wa nínú kíláàsì. Nígbà tí ọmọ méjì bá bá ẹkún wá síwájú wa, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹni ńlá, tí èkejì kò sì gbọ́ èdè wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a rántí ọba Douala, kí a sì ní sùúrù láti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.