Alfred Newman, Olùdarí Orin Sinimá

Nígbà tí a bá wọ ilé sinimá, a máa ń rò pé ojú nìkan ni a fi ń wòran. A kì í sábà rántí pé etí ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìlù tí ó ń dún kíkankíkan nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá ń sá fún ọ̀tá, ohùn gòjé tí ó ń rọra sunkún nígbà tí ìyá bá ń dágbére fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó ṣàdédé wá. Ẹnì kan ni ó jókòó tí ó ro orin náà. Ẹlòmíràn ni ó pín in fún fèrè, fún kàkàkí, fún gòjé àti fún ìlù. Ẹlòmíràn sì ni ó dúró níwájú àwọn olórin pẹ̀lú ọ̀pá kékeré lọ́wọ́, tí ó ń darí wọn gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù ti ń darí àwọn omele. Alfred Newman wà lára àwọn tí ó fi ìdí iṣẹ́ yìí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún ọmọ ilé-ìwé láti kà, nítorí pé kì í ṣe inú ilé ọlá ni ọlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

A bí i ní ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1900. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n sì ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Èso àti ewébẹ̀ ni baba rẹ̀ ń tà. Owó tí ń wọlé kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí, Alfred sì ni àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fẹ́ràn orin púpọ̀, nítorí pé ọmọ akọrin sínágọ́gù ni òun náà. Nígbà tí Alfred tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ wá bí yóò ti kọ́ dùrù. Máìlì mẹ́wàá ni àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà ibi ẹ̀kọ́ náà. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà sì fi ń rìn ín, nítorí pé kò sí owó ọkọ̀. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ní ìlú wọn pé ọmọdé kan wà tí ń tẹ dùrù bí àgbà.

Òkìkí yìí ni ó gbé e dé ìlú New York, níbi tí Sigismond Stojowski, ọ̀gá atẹdùrù ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì, ti gbà á ní ọmọ ẹ̀kọ́ láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrètí gbogbo ènìyàn ni pé yóò di ọ̀kan nínú àwọn tí ń jókòó nìdí dùrù nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń dákẹ́ láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ inú. Nígbà tí Alfred fi di ọmọ ọdún méjìlá, nǹkan ti le koko fún ìdílé náà, àwọn àbúrò sì ń wo ojú rẹ̀. Ó ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó máa lépa ògo ara rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, tàbí kí ó wá oúnjẹ fún àwọn tí ó wà nílé. Ó yan èyí tí ó ṣòro jù. Ó lọ ń tẹ dùrù ní ilé ìṣeré, ó sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan lójoojúmọ́, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ta òkòtó.

Ọ̀nà tí ó dà bí ẹni pé ó já sí ìpàdánù yìí gan-an ni ó gbé e dé ibi ayọ̀. Nínú ilé ìṣeré ni ó ti rí bí olùdarí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. William Daly, tí í ṣe olùdarí orin, kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Kí Alfred tó pé ọmọ ogún ọdún, òun fúnra rẹ̀ ti ń darí àwọn àgbàlagbà tí ó tó baba rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Broadway, tí í ṣe àdúgbò àwọn ilé ìṣeré ní New York, tí ó ń darí eré tí àwọn bíi George Gershwin àti Jerome Kern kọ orin sí.

Ní àkókò yìí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóhùn ni. Ṣáájú ọdún 1927, àwòrán a máa rìn, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ohùn dé, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ní Hollywood bẹ̀rẹ̀ sí wá olórin kiri. Ní ọdún 1930, Irving Berlin pe Newman kí ó wá bá òun ṣiṣẹ́ lórí fíìmù kan. Newman rò pé oṣù díẹ̀ ni òun yóò lò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọdún 1931 ó kọ orin fíìmù Street Scene. Ní ọdún 1933 ó kọ orin kúkúrú kan, tí kàkàkí àti ìlù fi ń kéde orúkọ ilé-iṣẹ́ Twentieth Century kí fíìmù wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé mọ ohùn kàkàkí náà dunjú, láìmọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìṣòro kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn òǹwòran kì í mọ̀. Orin gbọ́dọ̀ bá àwòrán mu déédéé. Bí ìlù bá dún kí ilẹ̀kùn tó pa dé, tàbí lẹ́yìn tí ó ti pa dé tán, ohun tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù yóò di ẹ̀rín. Àwọn kan a máa fi ohun tí ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ bí aago sí etí àwọn olórin. Èyí a máa mú kí orin péye, ṣùgbọ́n a máa mú un le bí ìrìn ológun. Ọ̀nà mìíràn ni Newman gbà. A ó fa ìlà sí ara fíìmù, a ó sì lu ihò kékeré sí ìparí ìlà náà. Bí àwòrán bá ti ń lọ lójú aṣọ funfun, olùdarí yóò rí ìlà funfun tí ń rìn láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Bí ìlà náà bá ti dé òpin, ìmọ́lẹ̀ yóò kọ mànà, ibẹ̀ ni ohùn orin sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Láàárín ìlà kan sí èkejì, olùdarí ní òmìnira láti fa orin gùn tàbí láti yára, bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ fún un. Orúkọ Newman ni wọ́n fi pe ọgbọ́n yìí, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti lò ó lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó ti mọ iṣẹ́ tó ni ó mọ iyì àwọn tí ń bá a ṣe é. Ní ọdún 1935, wọ́n ń ṣe orin fíìmù Modern Times, tí Charlie Chaplin ṣe. Chaplin fúnra rẹ̀ ni ó ń ro orin, àwọn olórin mìíràn a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a máa pín in fún ohun-èlò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ David Raksin; nítorí pé ó máa ń bá ọ̀gá jiyàn, wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́. Newman wo ohun tí ọmọkùnrin náà ti kọ, ó rí i pé iṣẹ́ rere ni, ó sì gbà á sílẹ̀ títí wọ́n fi pè é padà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti rẹ̀ àwọn olórin lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òru, Chaplin fi ẹ̀sùn ọ̀lẹ kàn wọ́n. Newman bínú, ó ju ọ̀pá ìdarí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde. Edward Powell ni ó darí ìyókù. Ènìyàn ńlá ni Chaplin, òkìkí rẹ̀ sì kárí ayé; ṣùgbọ́n Newman kò gbà kí a tàbùkù àwọn tí ó wà lábẹ́ òun kí òun lè rí ojú rere ẹni ńlá.

Láti ọdún 1940 títí di ọdún 1960, òun ni olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ Twentieth Century-Fox. Nígbà tí ó fẹ́ kọ orin fíìmù The Song of Bernadette, tí ó jáde ní ọdún 1943, ó kọ́kọ́ ronú orin ìsìn ńláńlá fún ibi tí ọmọbìnrin tálákà kan ti rí ìran. Lẹ́yìn náà ó rántí pé afẹ́fẹ́ àti ewé ni ọmọ náà mọ̀. Nítorí náà ó jẹ́ kí orin náà bẹ̀rẹ̀ bí atẹ́gùn tí ń fẹ́ lára igi, kí ó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Orin yìí gba ẹ̀bùn Oscar. Mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tí ó gbà, ti àkọ́kọ́ fún fíìmù kan ní ọdún 1938, ti ìkẹyìn fún Camelot ti ọdún 1967. Kò sì tíì sí olórin sinimá tí ó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ayé ń yẹ nígbà gbogbo. Ní ọdún 1965, fíìmù ìtàn ìgbésí ayé Jésù tí à ń pè ní The Greatest Story Ever Told jáde. Newman ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe orin rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe fíìmù náà yọ orin tí Newman kọ sí àwọn ibi tí ó ga jù, ó sì fi orin Handel, tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Newman gidigidi. Àmọ́ kò tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ orin nìṣó títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ìlú Los Angeles ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 1970, ó ku oṣù kan péré kí ó pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ọdún náà gan-an ni Airport, fíìmù tí ó kọ orin sí kẹ́yìn, jáde.

Àwọn àbúrò tí ó tìtorí wọn fi gbọ̀ngàn dùrù sílẹ̀ kò pàdánù. Lionel àti Emil di olùdarí orin sinimá bí ẹ̀gbọ́n wọn, Lionel sì gba Oscar tirẹ̀. David àti Thomas, tí í ṣe ọmọ Alfred, àti Randy, tí í ṣe ọmọ àbúrò rẹ̀, di akọrin-sílẹ̀ fún sinimá. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́wàá nítorí dùrù ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún odindi ìdílé. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù àwọn ará ilé rẹ̀ láìkùn, kì í ṣe òun nìkan ni yóò jẹ èrè rẹ̀.